Ìyá Mi Tó Tẹ́ Ẹní Síta Nítorí Àìsàn Mi

Ó dìgbà o, ìyá mi! Ilé dákẹ́. Ẹ̀gẹ́ wà nínú àpò, ìkòkò wà lórí ààrò, ṣùgbọ́n ẹni tó máa ń fi ariwo jí gbogbo wa láàárọ̀ ti lọ. Ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun la ti wá, ọ̀dọ̀ Rẹ̀ náà la ó padà sí. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì gbà á, síbẹ̀ ó dùn mí dé egungun.

Èmi Múnírátù, àbíkẹ́yìn yín, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ẹ bí, ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé àdúrà ọjọ́ kẹjọ yín. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé obìnrin bí ọkùnrin ni Alájà Sàfúrátù Àdùkẹ́, oníàtíẹ̀kẹ́ Èjìgbò. Mo kọ̀. Obìnrin bí obìnrin ni yín. Mo mọ ọkùnrin púpọ̀ tí kò lè ṣe ìdajì ohun tí ẹ ṣe, tí ẹ kò sì fi ṣe fọ́ńté.

Àwọn àgbà ilé kan tún ní kí n kọ nípa Mẹ́kà tí ẹ lọ, kí n kọ nípa ọwọ́ yín tó là, ṣùgbọ́n kí n jọ̀ọ́ kí n fi ọ̀rọ̀ àìsàn tèmi sílẹ̀, torí pé àwọn àjèjì yóò ka ìwé yìí. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá yọ àìsàn mi kúrò nínú ìtàn yín, irọ́ ni mo pa mọ́ ìyá mi, ẹ̀yin ẹ kì í sì í gba irọ́. Báípólà ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Ọpọlọ ló ń bá jà. Ó lè gbé ọkàn mi sókè débi pé n kò ní í sùn, n kò ní í dákẹ́, ayé á sì dà bíi pé èmi ni mo ni ín. Bó bá tún yá, á gbé mi ṣánlẹ̀, débi pé àtibu omi mu á di iṣẹ́ ńlá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tó kọ́kọ́ dé, ẹ̀yin nìkan lẹ sì wà nílé láti pàdé rẹ̀.

Àbíjàn lẹ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe àtíẹ̀kẹ́, lọ́dọ̀ obìnrin ará ibẹ̀ kan tí ẹ jọ ń gbé nínú àgbàlá kan náà. Nígbà tí ẹ kó wa wálé, tí bàbá mi dúró sọ́hùn-ún nídìí ọjà wọn, àwọn ará àdúgbò ń bèèrè pé ta ni yóò fi owó ra ẹ̀gẹ́ rírín tí a fi ooru omi sè. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Sé pà gíráfù." Gbólóhùn Faransé yẹn nìkan ni ẹ kó wálé pẹ̀lú ẹrù yín, ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ́nu yín sì ni pé kò sí ohun tó tó máa torí ẹ̀ dààmú. Kò pẹ́ tí àwọn awakọ̀ gáréèjì kò fi lè gbéra láìjẹ àtíẹ̀kẹ́ Alájà pẹ̀lú ẹja díndín.

Inú ààwẹ̀ ni àìsàn mi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kí gbogbo ìlú ṣì í mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí náà ẹ mọ bí nǹkan ṣe máa ń rí nígbà tí ààwẹ̀ bá ń lọ sópin, tí kálukú ń wá òru abiyì, tí ẹni tí kò sùn ló gbayì jù. Ta ni yóò rí ọmọ tó ń fi gbogbo òru kírun, tó ń ké Kùránì, tó wá sọ pé ara rẹ̀ kò yá? Èmi ni mò ń jí àdúgbò fún sààrì, tí mò ń fi igbá lu ilẹ̀kùn wọn. Lẹ́mọ́mù fi mí ṣe àpẹẹrẹ nínú wàásí. Àwọn ìyá ń sọ fún ọmọ wọn pé kí wọ́n wo Múnírátù. Orí yín wú, ìyá mi, ó sì yẹ kó wú.

Lọ́jọ́ kan mo gbé gbogbo àtíẹ̀kẹ́ tí ẹ fẹ́ tà fún àwọn tó máa ṣínu, mo gbé e lọ sí gáréèjì, mo pín in tán pátápátá. Mo ní ẹ̀yin lẹ ní kí n fi ṣe sàárà. Nígbà tí ẹ fi máa sáré débẹ̀, tí ẹ ti la ẹnu láti pariwo, àwọn èrò ti tẹ́wọ́, wọ́n ń ṣàdúrà fún yín lóríṣiríṣi, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè bá ẹni tó ń ṣàdúrà fún un jà. Ẹ ní, "Àmín." Ẹ gbé agbada òfìfo padà sílé. Ẹ máa ń sọ ìtàn yìí fún àlejò, ẹ ó sì máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú yín.

Ìtúnu ààwẹ̀ dé. Gbogbo ìlú padà sídìí oorun wọn. Lẹ́mọ́mù pàápàá sùn. Èmi kò padà. Ní Yídì, mo dìde láàárín àwọn obìnrin, mo ní kí wọ́n dá wàásí dúró, mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ ju tiwọn lọ. Ìgbà yẹn lẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ẹ̀sìn. Ẹ̀rù bà yín, mo rí i lójú yín, mo sì ń fi yín rẹ́rìn-ín, torí lójú tèmi kò sẹ́ni tó gbọ́n tó mi ní gbogbo ilẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ẹbí pe ìpàdé. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, ní àwọn mọ ibì kan nínú igbó, tí wọ́n ti ń fi ẹ̀wọ̀n de irú mi mọ́lẹ̀ títí ara á fi balẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n gbé mi lọ sọ́hùn-ún kí ìlú tó fura, torí bí ọ̀rọ̀ náà bá tàn, ta ni yóò fẹ́ mi, ta ni yóò sì fẹ́ ọmọ mìíràn nínú ilé wa? Bàbá mi ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí fóònù láti Àbíjàn, wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà lé ẹbí lọ́wọ́. Gbogbo ayé mi wà lẹ́nu yín lọ́jọ́ náà, ìyá mi. Ẹ kúnlẹ̀, torí pé ẹ mọ ẹ̀tọ́ ìyàwó ilé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lórí ìkúnlẹ̀ náà kò kúnlẹ̀. Ẹ ní, "Bàbá Kékeré, ẹ forí jì mí. Èmi ni mo bí i. Bí ẹ bá máa dè é, ẹ̀wọ̀n yẹn á kọ́kọ́ gba ẹsẹ̀ tèmi kọjá." Ìpàdé tú. Ní ọjọ́ kejì, a wọ ọkọ̀ lọ sí ọsibítù.

Dókítà ní kì í ṣe èpè, kì í ṣe ọwọ́ ayé, kì í sì í ṣe pé ẹ kò tọ́ mi dáadáa. Orí èyí tó sọ kẹ́yìn yẹn lẹ ti bú sẹ́kún. Ó ní oògùn wà, ó ní mo lè padà sí ilé ẹ̀kọ́, mo lè ṣiṣẹ́, mo lè bímọ, ṣùgbọ́n oògùn náà kò gbọ́dọ̀ já, oorun kò sì gbọ́dọ̀ já. Orúkọ àìsàn náà kò fìgbà kan rọrùn lẹ́nu yín. "Bàbá Pólà" ni ẹ sọ ọ́, bíi pé àna kan ni tó máa ń yọjú láì ránṣẹ́ ṣáájú. Ẹ ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi láàárọ̀, ẹ ó ní, "Ṣé Bàbá Pólà kò dé?" Bó ti wù kí ọjọ́ náà burú tó, ẹ̀rín á fẹ́ pa mí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a kọ́kọ́ dé láti ọsibítù, kò sí ẹ̀rín. Àìsàn náà ti gbé mi sọ̀ kalẹ̀, mo sì dùbúlẹ̀ sínú yàrá, mo kọjú sí ògiri. Ilé wa pa rọ́rọ́. Nígbà tí ibà ṣe mí ní ọdún tó ṣáájú, àwọn tó wá kí wa kò rí àyè jókòó, ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kún orí tábìlì. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn èèyàn ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kí wọ́n má baà pàdé yín. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Wọ́n rò pé bí wọ́n bá kí yín, àwọn á dójú tì yín, wọ́n sì ń dúró kí ẹ fi mí pamọ́ bí àwọn yòókù ṣe máa ń ṣe. Ẹ gbà á mọ́ra fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kì í ṣe ẹni tó lè gba irú rẹ̀ mọ́ra pẹ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ẹ gbá iwájú ilé, ẹ tẹ́ ẹní, ẹ gbé àwọn bẹ́ǹṣì oníbàárà síta. Ẹ wọ aṣọ tí ẹ fi ń lọ Yídì, ẹ jókòó sórí ẹní. Bí àwọn èèyàn ṣe ń bọ̀ láti mọ́sáláṣí ni ẹ ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ̀yin ìyá, ọmọ mi ń ṣàìsàn, ẹ ò tíì wá kí mi. Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?" Ní Èjìgbò wa yìí, kò sí ọmọlúàbí tó lè gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kó máa bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n yà. Wọ́n jókòó. Wọ́n bèèrè ohun tó ń ṣe mí. Ẹ kò fi ibà bò ó, ẹ kò pè é ní orí fífọ́. Ẹ ní, "Ọpọlọ rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Ó ń lo oògùn. Ẹ bá mi ṣàdúrà sí i." Wọ́n ṣàdúrà.

Mo wà nínú yàrá, mò ń gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu yín ketekete, bí ìyá ṣe ń pe orúkọ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò. Ó ti pẹ́ tí n kò fẹ́ mọ ohunkóhun, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mo fẹ́ mọ ẹni tó wà níta. Mo dìde, mo lọ yọjú láti ojú fèrèsé.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dùn o. Àwọn kan kò ra àtíẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ wa mọ́, bíi pé àìsàn ọpọlọ máa ń gba inú ẹ̀gẹ́ wọlé sára. Ẹ ní Ọlọ́hun ló ń pín ọgbọ́n, pé tàwọn yẹn kù díẹ̀ káàtó. Mo gbọ́ tí ẹ ń sunkún nínú ilé ìdáná lẹ́yìn tí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ tán.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn gan-an ni Ìyá Gàníyù padà wá. Ìyàwó mẹkáníìkì tó wà nítòsí gáréèjì ni wọ́n, wọ́n sì ti kí yín lọ́sàn-án pẹ̀lú àwọn yòókù. Wọ́n jókòó sétí ẹní. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Alájà, tèmi wà lóko ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Mo ti sọ fún gbogbo ayé pé Àbíjàn ló lọ." Òótọ́ ni, gbogbo wa ló gbà pé Gàníyù wà ní Àbíjàn. Ní ìlú tiwa, ẹni tí a kò bá rí mọ́, Àbíjàn ló lọ. A kì í tún bèèrè. Ọmọkùnrin náà kò jù mí lọ púpọ̀, inú ahéré bàbá rẹ̀ ni wọ́n sì tì í mọ́ ní gbogbo ìgbà tí a ń kí ìyá rẹ̀ pé a kú ọmọ lẹ́yìn odi. Ẹ kò bá Ìyá Gàníyù sunkún. Ohun tí ẹ sọ ni pé, "Ọjọ́ wo la máa lọ mú un bọ̀?" Ọ̀kadà lẹ jọ gùn lọ, ọsibítù kan náà sì lẹ gbé e lọ.

Láti ìgbà náà ni àwọn òbí ti ń wá sí abẹ́ àtíbàbà ẹ̀gẹ́ wa ní ọjọ́ Àlàmísì. Ẹ kò fún un lórúkọ. Ẹ ní bí a bá pè é ní ẹgbẹ́ àwọn òbí tí ọmọ wọn ní àìsàn ọpọlọ, ẹyẹ kan kò ní í bà síbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò bèèrè ohun tí obìnrin ń wá níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́? Wọ́n á jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká, ọ̀bẹ á wà lọ́wọ́, ojú á wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì máa jáde. Ẹni tí oògùn ọmọ rẹ̀ tán á rí ẹni tí tirẹ̀ ṣì kù. Ẹni tó ń bẹ̀rù ọsibítù á rí ẹni tó máa bá a lọ. Ẹni tí kò tíì fojú kan oorun láti ọjọ́ pípẹ́, ẹnì kan á gba ọmọ náà ṣọ́ kó lè rẹjú. Bàbá kan tó ń wa ọkọ̀ èrò lọ sí Òṣogbo náà ń wá. Ẹ̀gẹ́ tí bàbá yìí bá bó, a ní láti tún un bó, ṣùgbọ́n ẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Ẹ ní ọ̀rọ̀ ọmọ wọn ni wọ́n wá sọ, wọn kò wá kọ́ṣẹ́.

Nígbà tí ààwẹ̀ ọdún kejì dé, mo fẹ́ gbà á. Ọmọ tí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ nínú wàásí, ojú ń tì mí láti máa jẹun lọ́sàn-án. Ẹ mú mi lọ bá Lẹ́mọ́mù. Wọ́n ní ẹni tí dókítà ti ní oògùn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ já, tí kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ láìmu omi, Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ló yọ̀ǹda fún un. Ẹ dúpẹ́. Láti ọjọ́ kejì, ẹ ń gbé oúnjẹ mi wá sí iwájú ilé, ẹ̀yin tí ẹ ń gba ààwẹ̀ á jókòó tì mí, ẹ ó máa wò mí bí mo ṣe ń jẹ. Mo bẹ̀ yín pé kí n lọ jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ẹ ní, "Ṣé o jí i ni?"

Àìsàn náà tún gbé mi ṣánlẹ̀ ní ọdún tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò wáẹ̀kì. Ẹ ní "Sé pà gíráfù," mo ṣe é ní ọdún tó tẹ̀ lé e, mo sì yege. Mo ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ báyìí. Bàbá Kékeré kò sọ fún wa rí pé àwọn ṣàṣìṣe, àgbà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ojú wa ló ṣe nígbà tí wọ́n mú ọmọ ọ̀rẹ́ wọn wá bá yín ní ọjọ́ Àlàmísì kan, tí wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ẹ bá wa dá sí eléyìí." Ẹ fún wọn ní bẹ́ǹṣì, ẹ fún wọn ní omi. Ẹ kò fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ gún wọn rárá. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìyá mi tóbi.

A jà o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé a kò jà. Bí mo bá rẹ́rìn-ín pẹ́ díẹ̀, ẹ ó ti máa wo ojú mi. Bí mo bá ra aṣọ tuntun, ẹ ó bèèrè bí mo ṣe sùn. Inú bí mi lọ́jọ́ kan, mo ní, "Ìyá mi, ṣé n kò lè láyọ̀ lásán ni?" Ẹ ní, "Láyọ̀, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n jẹun, kí o sì sùn." Mo kùn, mo bínú, mo lọ sùn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ rí i pé àìsàn náà ń bọ̀ kí èmi tó rí i.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru dá yín dùbúlẹ̀, ẹ kò bẹ̀rù ikú. Ọ̀rọ̀ tèmi ló ń bà yín lẹ́rù. Ẹ mọ̀ pé ọ̀fọ̀ máa ń lé oorun lọ, ẹ sì mọ ohun tí àìsùn máa ń ṣe sí mi. Mo gbọ́ tí ẹ ń sọ ọ́ fún Ìyá Gàníyù lórí ibùsùn yín: "Bí mo bá lọ, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu nítorí òkú mi. Èèyàn á pọ̀ níbẹ̀. Múnírátù ni kí ẹ lọ wò."

Èèyàn pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ìyá mi. Kò sí àyè ẹsẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé ojú títì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń wẹ̀ yín lọ́wọ́, àwọn obìnrin ọjọ́ Àlàmísì la àárín gbogbo wọn kọjá, wọ́n wọ yàrá mi. Wọn kò bá mi ké ìbòsí. Wọ́n bèèrè bóyá mo ti jẹun. Wọ́n bèèrè oògùn mi, wọ́n sì dúró títí mo fi gbé e mì. Ìyá Gàníyù gbé ẹní wọlé, wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, láti ọjọ́ náà títí di òní, wọn kò tíì padà sùn nílé wọn. Bàbá mi dé láti Àbíjàn lẹ́yìn tí a ti sin yín, wọ́n wo àwọn obìnrin wọ̀nyí káàkiri ilé, wọ́n bi mí pé mọ̀lẹ́bí wa wo ni wọ́n. Mo ní ìyá mi ló kó wọn jọ fún mi.

Ọlọ́hun Ọba yóò forí àṣìṣe yín jì yín, yóò sì fi Àlùjánnà kẹ́ yín. Ohun tí ẹ ń bẹ̀rù kò ṣẹlẹ̀, ìyá mi. Mò ń jẹun. Mò ń lo oògùn mi. Mo sunkún yín bí ọmọ tí orí rẹ̀ pé ṣe ń sunkún ìyá rẹ̀, nígbà tí ó sì rẹ̀ mí, mo sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ má ṣọ́ mi mọ́. Àdùkẹ́ ìyá mi, ẹ̀yin náà, ẹ sùn re o.